Bí Jẹjẹrẹ Ṣe Ń Fa Ẹ̀jẹ̀ Sọ́dọ̀: Ìtàn Judah Folkman àti Àwọn Ará Ilé Ìwádìí Rẹ̀ ní Boston

Lọ́dún 1960, iléeṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà pe dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ ní Boston. Judah Folkman lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 27 ni, Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio sì ni wọ́n bí i sí. Wọn ò gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi kankan. Ilé ìwádìí kan ní Bethesda, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ni wọ́n fi í sí, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé lé e lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Àwọn ọ̀gágun fẹ́ máa rán ọkọ̀ ńlá tó ń gbé bàálù sójú agbami fún ọ̀pọ̀ oṣù láìyà sí èbúté, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú sínú fíríìjì fún ẹni tó bá fara pa kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kó tó bàjẹ́. Wọ́n ní kí Folkman àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Frederick Becker, wá ohun tó lè dípò ẹ̀jẹ̀, ohun tó ṣeé gbẹ, tó ṣeé tọ́jú, tí wọ́n á kàn pò mọ́ omi lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

Àwọn méjèèjì yọ èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì pò ó mọ́ omi oníyọ̀. Kí wọ́n lè mọ̀ bóyá omi yìí lè gbé ẹ̀mí ró lóòótọ́, wọ́n gé ẹ̀yà ara kan tí wọ́n ń pè ní thyroid, èyí tó wà níbi ọ̀fun, kúrò lára ẹranko. Wọ́n fi í sínú ìkòkò gíláàsì, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tu omi pupa náà gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yà ara náà kò kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ ni wọ́n ń wá. Wọ́n ro ohun tó máa ń yára dàgbà jù lọ, wọ́n sì rí i pé jẹjẹrẹ ni. Wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ eku sínú ẹ̀yà ara náà, wọ́n wá jókòó tì í.

Jẹjẹrẹ náà hù. Ó dàgbà títí tó fi tó orí pínnì, bíi mìlímítà 1 sí 2, ó sì dúró gbagidi. Kì í ṣe ọ̀kan péré nínú wọn. Gbogbo wọn ló dúró síbi kan náà, bí ẹni pé wọ́n ti jọ sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n yọ àwọn kókó kéékèèké yìí, tí wọ́n gbìn wọ́n padà sára eku, kò pẹ́ tí wọ́n fi wú, wọ́n sì pa àwọn eku náà. Folkman gé àwọn kókó ńlá náà wò, ó rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ló kún inú wọn. Nínú àwọn tó wà nínú gíláàsì, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ló ń wò: báwo ló ṣe ń pín sí méjì, májèlé wo ló lè pa á. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ò ká ẹnikẹ́ni lára. Mo rò pé ohun tó fà á kò le láti rí. Àwọn tí wọ́n kà sí ọ̀gá nínú ìmọ̀ jẹjẹrẹ, kókó tí wọ́n ti gé kúrò lára aláìsàn ni wọ́n máa ń wò. Ẹ̀jẹ̀ ti dà kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ti fi oògùn rẹ ẹ́, wọ́n ti rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ó funfun, ó sì tutù. Oníṣẹ́ abẹ ni Folkman. Òun ti ti ọwọ́ bọ inú ara alààyè, ó ti rí i pé jẹjẹrẹ pọ́n, ó gbóná, tí abẹ bá sì kàn án, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn tí kò ní fẹ́ dá. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibi tí ẹnì kan bá ti rí jẹjẹrẹ láàyè, tó ń ṣe ohun tó ń ṣe lójú rẹ̀, ibẹ̀ ni ìmọ̀ ti ń sún síwájú. Ibi tí wọ́n bá ti sáré ju ohun tí ojú wọn rí lọ, ibẹ̀ ni ìjákulẹ̀ ti ń bá wọn.

Folkman kọ́ ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé jẹjẹrẹ ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Rudolf Virchow, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jámánì, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1863. Oníṣẹ́ abẹ kan tó tún jẹ́ ará Jámánì, Goldmann, fi hàn ní 1907 bí àwọn iṣan tuntun ṣe máa ń gbá yí jẹjẹrẹ ká. Ní 1939, Gordon Ide àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi fèrèsé tó mọ́ gaara sí etí ehoro, wọ́n gbin jẹjẹrẹ síbẹ̀, wọ́n sì ń fi ojú ara wọn wo bí iṣan ṣe ń yọ. Ní 1945, Glenn Algire àti Harold Chalkley, tí wọ́n wà nídìí iṣẹ́ jẹjẹrẹ fún ìjọba Amẹ́ríkà, fi irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ sára eku, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé agbára tí jẹjẹrẹ ní láti pe iṣan tuntun sọ́dọ̀ lè jẹ́ ohun tó mú kó yàtọ̀ sí ara tó dá ṣáṣá. Ní 1968, Greenblatt àti Shubik bo jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀ lára ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní hamster. Asẹ́ tí wọ́n fi bò ó, sẹ́ẹ̀lì kankan kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣì hù wá. A jẹ́ pé nǹkan kan ń sun jáde látara jẹjẹrẹ, tó ń lọ ké sí iṣan. Gbogbo iṣẹ́ yìí wà nínú ìwé, kò sì sí ẹni tó so ó pọ̀ mọ́ ìwòsàn.

Ìdí tí jẹjẹrẹ fi ní láti wá ẹ̀jẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ọ́síjìn kò lè rìn jìnnà kúrò nínú iṣan. Sẹ́ẹ̀lì tó bá jìnnà sí iṣan tó bíi ìdá 1 tàbí 2 nínú ìdá 10 mìlímítà kan, ó ti bọ́ sínú ewu. Kókó tó bá fẹ́ ju orí pínnì lọ yóò fa iṣan sọ́dọ̀ ni o, gẹ́gẹ́ bí àdúgbò tuntun ṣe ń fa wáyà iná láti orí òpó àdúgbò tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣan tó bá sì gbé oúnjẹ wọlé, òun náà ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń gbà jáde lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti egungun. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iṣan jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè: púpọ̀ nínú àwọn tí jẹjẹrẹ ń pa, kì í ṣe ibi tó ti kọ́kọ́ yọ ló ti ń pa wọ́n bí kò ṣe ibi tó tàn dé.

Ilé rábì ni wọ́n ti tọ́ Folkman. Bàbá rẹ̀, Jerome Folkman, jẹ́ aṣáájú ìsìn àwọn Júù, ó sì máa ń mú ọmọ rẹ̀ dání lọ bẹ àwọn aláìsàn wò nílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti rí i pé àwọn dókítà lè fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú aláìsàn, ohun tí bàbá òun kò lè ṣe. Ó ní dókítà lòun máa ṣe. Bàbá rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó ní kó ṣe é bíi rábì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lágbà ní ó mú ọ̀rọ̀ yẹn lò: ó máa ń dá ìpè àwọn aláìsàn tí kò mọ̀ rí padà fúnra rẹ̀, á sì gbọ́ wọn dópin.

Orí rẹ̀ pé láti kékeré. Nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní iléèwé ìmọ̀ ìṣègùn Harvard, ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fi sínú ara láti mú kí ọkàn lu déédéé. Ní Bethesda, òun àti David Long rí i pé oògùn lè máa sun díẹ̀díẹ̀ gba ara rọ́bà silicone jáde. Látinú ìyẹn ni ìfètò-sọ́mọ-bíbí Norplant ti wá, àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n máa ń tì bọ abẹ́ awọ apá obìnrin nígbà kan, tí àwọn ìyá ní Nàìjíríà náà mọ̀ dáadáa. Folkman yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ohun tó ṣàwárí yìí, kò gba kọ́bọ̀. Ní 1967, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 34, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Boston.

Oṣù kọkànlá ọdún 1971 ló gbé ọ̀rọ̀ náà síta, nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Ohun tó sọ nínú àpilẹ̀kọ náà rọrùn, ó sì le: jẹjẹrẹ kò lè dàgbà kọjá ìwọ̀n kékeré kan láìjẹ́ pé ó fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun sọ́dọ̀, ó ń tú èròjà kan jáde tí ń pe àwọn iṣan náà, tí a bá lè dí ọ̀nà èròjà yìí, a lè há jẹjẹrẹ mọ́ ibi tó wà. Ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé kò gbà á. Àwọn kan ní ìwúlé lásán ni, pé ara máa ń pọ́n, iṣan á sì pọ̀ sí i, níbikíbi tí ohun àjèjì bá ti wọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn ní kí oníṣẹ́ abẹ lọ bójú tó abẹ rẹ̀. Wọ́n dá ìwé tó fi ń tọrọ owó ìwádìí padà. Tó bá dìde láti sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé, àwọn kan á dìde jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí fi ń lọ bẹ́ẹ̀, òun náà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ojú ehoro ló kọ́kọ́ gbè é. Michael Gimbrone, dókítà ọ̀dọ́ kan nínú ilé ìwádìí rẹ̀, fi ègé jẹjẹrẹ sínú omi tó wà níwájú ẹyinjú ehoro. Nínú omi yẹn, kò sí iṣan. Ègé náà léfòó síbẹ̀, kò kú, kò sì dàgbà ju mìlímítà 1 lọ. Wọ́n gbé irú ègé kan náà lé orí apá ojú tó ní àwọ̀, níbi tí iṣan wà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti gba ojú náà kan. Ojú kan náà ni, jẹjẹrẹ kan náà ni, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju mìlímítà mélòó kan lọ. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1972.

Wọ́n tún ṣe èyí tó fani mọ́ra ju ìyẹn lọ. Awọ mímọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gbà á kọjá. Wọ́n la àpò kékeré sínú awọ yìí, wọ́n ti ègé jẹjẹrẹ bọ̀ ọ́, ní ọ̀ọ́kán etí ibi tí iṣan pin sí. Ẹni tó bá ń fi awò wo ojú ehoro náà lójoojúmọ́ á kọ́kọ́ rí i pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ní apá tó kọjú sí jẹjẹrẹ nìkan, àwọn okùn pupa tín-ín-rín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti etí awọ náà. Wọn kì í ṣáko lọ síbòmíràn, ọ̀dọ̀ jẹjẹrẹ náà ni wọ́n ń fà lọ tààrà. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kókó náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí èyí, ó ṣòro kó tún máa pè é ní ìwúlé lásán. Inú ẹyin adìyẹ tó ní ọmọ nínú ni wọ́n tún ti rí irú rẹ̀, nítorí iṣan inú awọ ẹyin náà máa ń sáré lọ bá jẹjẹrẹ bákan náà.

Ní 1974, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà dé sínú ilé ìwádìí náà. Robert Langer ni. Àwọn iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ti na owó sí i, ó kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí Folkman fún un kò ní ẹwà kankan. Egungun rírọ̀, irú èyí tó wà létí àti níbi oríkèé, kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, jẹjẹrẹ kì í sì í fẹ́ wọ inú rẹ̀. Folkman rò pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń lé iṣan sẹ́yìn. Langer wá ń lọ sílé ìpẹran, ó ń kó egungun màlúù bọ̀, ó ń fá egungun rírọ̀ kúrò lára rẹ̀, ó ń rẹ ẹ́, ó sì ń sẹ́ ẹ, kó tó rí èròjà díẹ̀ péré. Èròjà náà sì dí iṣan lọ́nà lóòótọ́. Ìwé ìròyìn Science gbé e jáde ní 1976. Kí èròjà náà lè máa sun díẹ̀díẹ̀ sínú ojú ehoro, Langer ṣe ike kan tí ohun ńlá lè gba inú rẹ̀ kọjá, ohun tí àwọn àgbà onímọ̀ kẹ́míkà sọ pé kò ṣeé ṣe. Langer yìí kan náà wà lára àwọn tó dá Moderna sílẹ̀ ní 2010, iléeṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ orúkọ rẹ̀ nígbà Kòrónà.

Iṣẹ́ báyìí ń jẹ owó. Ní 1974, iléeṣẹ́ Monsanto bá Harvard ṣàdéhùn láti ná dọ́là mílíọ̀nù 23 lórí iṣẹ́ Folkman àti ti ọ̀mọ̀wé mìíràn, Bert Vallee. Kò tíì sí iléẹ̀kọ́ gíga tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò nígbà náà, ariwo sì pọ̀. Ní 1981, Folkman fi ipò olórí oníṣẹ́ abẹ sílẹ̀ pátápátá, ó gbájú mọ́ ìwádìí. Ẹni tó mọ bí oníṣẹ́ abẹ ṣe máa ń fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ tó á mọ̀ pé ohun ńlá ló fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo èròjà tí jẹjẹrẹ ń tú jáde yẹn. Ní 1984, Michael Klagsbrun àti Yuen Shing, tí àwọn méjèèjì wà lọ́dọ̀ Folkman, yọ ọ̀kan jáde tó ń mú kí iṣan dàgbà. Ṣùgbọ́n èyí tó wá lókìkí jù, ẹnu ọ̀nà méjì ló gbà wọlé. Ní 1983, Donald Senger àti Harold Dvorak ní ilé ìwòsàn mìíràn ní Boston rí purotéènì kan tí jẹjẹrẹ ń tú jáde tó ń mú kí iṣan máa jò. Ní 1989, Napoleone Ferrara, ọmọ Sicily ní Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Genentech ní California, rí purotéènì kan tó ń mú kí iṣan dàgbà, ó sì pè é ní VEGF. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn méjèèjì síra, ohun kan náà ni wọ́n. Dvorak ti sọ nǹkan kan ní 1986 tí mo rí i pé ó ṣe kókó: pé jẹjẹrẹ ń ṣe bí ọgbẹ́ tí kò jinná. Ọ̀nà tí ara ń gbà wo ọgbẹ́ sàn, tó fi ń pe iṣan wá, òun náà ni jẹjẹrẹ jí lò, àmọ́ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá a dúró.

Ní àkókò kan náà, àwọn ará Boston ń rí ohun tó ń dí iṣan lọ́nà níbi tí wọn kò fọkàn sí. Ní 1985, Donald Ingber rí i pé olú ti bu sórí sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń tọ́jú. Ẹlòmíràn á dà á nù. Òun wò ó dáadáa, ó rí i pé ibi tí olú náà wà, sẹ́ẹ̀lì kò dàgbà mọ́. Oògùn kan ti ibẹ̀ jáde. Robert D'Amato ro ti thalidomide, oògùn tó mú kí wọ́n bí ọ̀pọ̀ ọmọ láìní apá àti ẹsẹ̀ tó pé ní ìparí àwọn ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó ní bóyá iṣan tó yẹ kó bọ́ apá ọmọ inú oyún ni oògùn náà dá dúró. Ní 1994, ó dán an wò nínú ojú ehoro, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jóòótọ́. Thalidomide, tí ayé ti kẹ́gàn, padà di oògùn fún jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2006.

Michael O'Reilly ló ṣe èyí tó dá rúkèrúdò sílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ pé nígbà mìíràn, tí wọ́n bá gé kókó ńlá kúrò lára aláìsàn, àwọn kéékèèké tó fara pamọ́ síbòmíràn á ṣàdédé jí. Folkman rò ó pé bóyá kókó ńlá náà ló ń tú èròjà kan jáde tó ń há àwọn kéékèèké mọ́. O'Reilly wá eku tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí kókó ẹ̀yìn bá wà lára eku náà, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́. Tó bá gé kókó náà kúrò, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ẹ̀dọ̀fóró ti kún fún jẹjẹrẹ. Ó wá ń gba ìtọ̀ eku jọ. Oṣù ń gorí oṣù, ó ń sẹ́ ìtọ̀ eku tó pọ̀ lọ súà, kó lè rí ẹ̀kán purotéènì kan. Ó rí i, wọ́n sì pè é ní angiostatin ní 1994. Ní 1997, ó tún rí endostatin. Nígbà tí wọ́n fún àwọn eku ní endostatin léraléra, jẹjẹrẹ ńlá súnkì, kò sì kọ́ bí yóò ṣe yẹ oògùn náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1998, ìwé ìròyìn New York Times gbé ìtàn náà sójú ewé àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ní ó ti ẹnu James Watson jáde, pé Folkman máa wo jẹjẹrẹ sàn láàárín ọdún 2. Watson ní òun kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹyin ti fọ́ ná. Ìpín ìdókòwò iléeṣẹ́ kékeré EntreMed, tó ní ẹ̀tọ́ sí oògùn náà, wà ní nǹkan bíi dọ́là 12 lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ó ti fò lọ sí 85, kó tó padà wálẹ̀ sí nǹkan bí 52. Fóònù ilé ìwòsàn náà kò sinmi. Àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n máa lọ sílé ń bẹ̀bẹ̀ fún oògùn tí kò tíì sí níbì kankan àfi lára eku. Folkman fúnra rẹ̀ ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé ohun tó lè wo eku sàn kò tíì jẹ́ ìwòsàn fún ènìyàn, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ìkà ni irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kú lọ, tí wọ́n fi ìrètí hàn láti òkèèrè, tí wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyà méjì ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán endostatin wò lára ènìyàn ní 1999, kò ṣe wọ́n léṣe, ṣùgbọ́n kò mú kí jẹjẹrẹ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn súnkì.

Oògùn tó kọ́kọ́ yege, ọ̀dọ̀ Ferrara ló ti wá. Ó ti fi hàn ní 1993 pé tí wọ́n bá fi ohun tó ń gbá VEGF mú sára eku, jẹjẹrẹ rẹ̀ kì í dàgbà mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Wọ́n tún un ṣe fún ènìyàn, wọ́n pè é ní bevacizumab, Avastin ni orúkọ rẹ̀ lọ́jà. Wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn 813 tí jẹjẹrẹ ìfun ti tàn ká ara wọn. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn jẹjẹrẹ àtijọ́ nìkan, àárín gbùngbùn ìgbà tí wọ́n lò láyé jẹ́ oṣù 15.6. Àwọn tí wọ́n fi bevacizumab kún un fún lo 20.3. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù kejì 2004, lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí Folkman pé ọmọ ọdún 71.

Nǹkan bí oṣù 5 ni ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó bá retí ohun tí ìwé ìròyìn 1998 sọ á ní kò tó nǹkan. Èmi ò ní bá a sọ bẹ́ẹ̀, nítorí oṣù 5 ni ìyá fi ń rí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga nígbà tó jáde, ó lé ní dọ́là 4,000 lóṣù, ewu rẹ̀ náà kò sì kéré. Ara tó dá ṣáṣá pẹ̀lú ń lo VEGF, nítorí náà àwọn kan tó gba oògùn yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn kan ń ṣẹ̀jẹ̀, ìfun àwọn mìíràn lu. Fún jẹjẹrẹ ọmú, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2008, wọ́n sì gba àṣẹ náà padà ní 2011 nígbà tí kò sí ẹ̀rí pé ó ń mú kí ẹ̀mí àwọn obìnrin náà gùn sí i. Jẹjẹrẹ ní ọgbọ́n. Tí wọ́n bá dí ọ̀nà VEGF, ó lè lo èròjà mìíràn, tàbí kó kàn rá mọ́ ara iṣan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Rakesh Jain, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Boston, ló la àwọn èèyàn lójú sí nǹkan mìíràn ní 2001. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níwájú fèrèsé ara eku, ó ń wo iṣan jẹjẹrẹ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbà wọ́n kọjá. Wọ́n rí játijàti: ibì kan fẹ̀, ibì kan há, wọ́n lọ́ mọ́ra, wọ́n ń jò, ẹ̀jẹ̀ inú wọn á dúró, á sì tún ṣàn padà sẹ́yìn. Oògùn tí wọ́n bá tú sínú ẹ̀jẹ̀ kì í dé inú jẹjẹrẹ bó ṣe yẹ. Jain ní ìwọ̀nba oògùn tó ń dí VEGF lè tún àwọn iṣan yìí ṣe fún ìgbà díẹ̀, kí oògùn yòókù lè rí ọ̀nà wọlé. Ìyẹn ló jẹ́ kó yéni ìdí tí bevacizumab fi ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá fi oògùn mìíràn kún un.

Ibi tí ìwádìí yìí ti so èso tó dùn jù, kì í tilẹ̀ ṣe ara jẹjẹrẹ. Iṣan tó ń jò, tó ń hù níbi tí kò yẹ, wà lára ohun tó ń fọ́ ojú àwọn arúgbó àti àwọn alátọ̀gbẹ, VEGF sì ni oníṣẹ́ náà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2005, Philip Rosenfeld, dókítà ojú ní Miami, gún bevacizumab díẹ̀ sínú ojú. Oògùn tí wọ́n ṣe fún ojú ní pàtó, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2006, gba nǹkan bíi dọ́là 2,000 lẹ́ẹ̀kan nígbà náà. Ti Avastin kò ju nǹkan bí 50 lọ, ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2011 sì fi hàn pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Àjọ ìlera àgbáyé WHO kọ ọ́ mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí ní 2013. Nílé wa níbí, ní àwọn ibi ìtọ́jú ojú bíi ti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, oògùn yìí ni wọ́n ń gún fún àwọn alátọ̀gbẹ tí ojú wọn ń ṣú. Èèyàn tó bá jókòó síbẹ̀ tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nínú ojú ehoro ní Boston ló ń jàǹfààní rẹ̀.

Folkman kú ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2008. Ọkàn rẹ̀ ló dákẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú Denver, ó ń lọ sí ìpàdé kan ní Vancouver, ọmọ ọdún 74 ni. Ní 2019, wọ́n fún William Kaelin, Peter Ratcliffe àti Gregg Semenza ní ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n ṣàwárí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé ọ́síjìn kò tó, tó fi ń tú VEGF àtàwọn èròjà mìíràn jáde. Ohun tí Folkman rí ní Bethesda, àwọn wọ̀nyí ló sọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ní báyìí, bevacizumab ti di alábàáṣe àwọn oògùn tó ń jí àwọn ọmọ ogun ara. Ní 2020, àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn 501 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, àrùn tí hepatitis B ń fà fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba oògùn àtijọ́ sorafenib, nǹkan bí 55 ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba bevacizumab pẹ̀lú atezolizumab, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó ń jí ọmọ ogun ara, wọ́n jẹ́ 67. Kò tíì sí àyẹ̀wò kan tí dókítà lè ṣe ṣáájú tí yóò sọ fún un dájú èwo nínú àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ ni yóò wà lára àwọn tí bevacizumab yóò ràn lọ́wọ́, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń wá báyìí.